Ká Kọ́ Yàrá Kún Un, àbí Ká Kó Lọ?

Bíríkìlà ni ọkọ mi. Ilé tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ láti Òkìtìpupa títí dé Erínje kò lóǹkà, àwọn mìíràn tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n yàrá méjì péré là ń gbé nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀: àwa méjèèjì àti ọmọ méjì nínú ọ̀kan, ìyá rẹ̀ nínú èkejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán, mo sì ti sunkún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé ká kọ́ yàrá kún ilé yẹn tàbí ká kó kúrò níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbéyàwó mi ká, n ó sì sọ bó ṣe jẹ́.

Ọdún 2014 ni mo kọ́kọ́ rí Àbdùlláhì. Ìjọ wa ní Erínje, ìjọ Aládùúrà tí bàbá mi jẹ́ wòlíì rẹ̀, fẹ́ rẹ́ ògiri ilé ìsìn, Mùsùlùmí kan láti Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ọgbà wa. Wọ́n sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, kò jiyàn, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo bu omi lọ bá a.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹsẹ̀ yẹn kò dùn yín ni?”

“Ó dùn mí. Ṣé kí n wá lọ sọ fún Ọlọ́run yín pé kó jẹ́ kí n wọ bàtà?”

“Ọlọ́run wa? Ta wá ni tiyín?”

“Òun náà ni,” ó ní. “Ibi tí èmi ti ń kírun, wọ́n máa ń ní ká bọ́ bàtà níbẹ̀ náà.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí mi lára. Iṣẹ́ parí, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni kò parí wíwá. Ó ní òun wá wo bóyá ògiri ti gbẹ. Ògiri tó ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ méjì! Nígbà tó wá wò ó lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ èmi ló ń wò, kó yáa wí, nítorí bàbá mi ti ń béèrè irú ògiri wo ló ń ṣàìsàn báyìí. Ó wí. Mo ti ń fẹ́ kó wí tipẹ́.

Ní ilé tiwọn, ìyá rẹ̀ fárígá. Opó ni, pupurú, oúnjẹ gbágùúdá tí a ń fi èéfín gbẹ, ló ń ṣe tó ń tà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó sọ̀rọ̀: “Aládùúrà? Kó máa mi agogo sí mi létí nígbà tí mo bá ń kírun?” Ní ilé tiwa, bàbá mi ní òun kò ní fi ọwọ́ ara òun fa ọmọ òun fún Mùsùlùmí. Àbdùlláhì ò ní bàbá láyé mọ́, nítorí náà Bàbá Màmúdù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta epo pupa, ló ń bá wa ṣe alárinà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkùnrin yìí gun ọ̀kadà wá sí Erínje, gbogbo ìgbà tó bá sì dé, kẹ́ẹ̀gì epo kan máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá mi á gba epo. Á ní: “Màmúdù, tí mo bá jẹ epo rẹ, má rò pé mo ti gbà o.”

Bàbá Màmúdù á ní: “Ẹ ṣáà máa jẹ ẹ́, Wòlíì. Epo mìíràn ń bọ̀.”

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó rẹ bàbá mi. Ó pe Àbdùlláhì síwájú ara rẹ̀. “Mi ò kọ̀ fún ọ mọ́,” ó ní. “Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí Mosúnmọ́lá ní ilé tirẹ̀, tó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó gbàdúrà láìsí ẹni tó máa yọjú wò ó.”

Àbdùlláhì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ọdún mẹ́ta, Bàbá. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, màá ti kó o lọ sí ilé tirẹ̀.”

Ẹnikẹ́ni kò béèrè iye ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu àparò ní ń pa àparò.

Wọ́n so yìgì wa. Ní ọdún 2016, mo bí ọmọkùnrin. Ìyá ọkọ mi sọ ọ́ ní Sódìq, bàbá mi sọ ọ́ ní Jésùtómi, orúkọ méjèèjì sì ń bá ara wọn gbé láìsí ìjà. Wọ́n ń pe ọkọ mi ní Bàbá Sódìq, wọ́n ń pe èmi ní Ìyá Sódìq, adùn orúkọ yẹn kì í tán létí mi.

Ó pé oṣù méje nígbà tí ibà mú un. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a gbé e bọ̀, a tún gbé e lọ. Ọjọ́ méjì péré ni. Àwọn obìnrin àdúgbò mú mi mọ́ inú yàrá, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn lóde, mo gbọ́ ohùn àlùfáà, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Wọ́n ti mú Àbdùlláhì náà kúrò nílé.

Ní ilẹ̀ wa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ẹni tó mọ̀ kì í sọ, òbí náà kì í béèrè. Wọ́n ní ojú tó bá ń rí i kò ní jẹ́ kí ọkàn tún gba ọmọ mìíràn. Mo mọ èyí láti kékeré, mo sì béèrè síbẹ̀. Mo di aṣọ Ìyá mú, mo ní: “Níbo lẹ gbé e sí?” Ojú rẹ̀ gbẹ, kò sí omijé kankan níbẹ̀. Ó gbé abọ́ sí iwájú mi.

“Jẹun,” ó ní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni, mo sì kórìíra rẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo gbà lọ́kàn mi pé ìtẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn ìlú ni wọ́n gbé e lọ, mi ò sì gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún pè wá ní Bàbá Sódìq tàbí Ìyá Sódìq. Wọ́n padà sí “Ìyàwó” fún mi, bí ẹni pé àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo bí Dúpẹ́, ó di ọmọ ilé ìwé. Ìyanu dé tẹ̀ lé e, òun sì ń tàpá lójú oorun. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, tí mo bá fẹ́ gbàdúrà, inú balùwẹ̀ ni mo ń lọ. Bàbá mi a máa pè mí lórí fóònù.

“Mosúnmọ́lá, ọdún mẹ́ta ti di mẹ́sàn-án. Ṣé bíríkìlà kì í mọ iye ọdún ni?”

Ilé kan wà ní Òkìtìpupa nígbà náà tí wọ́n fẹ́ fi háyà: yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná tó dá dúró, ẹ̀rọ omi nínú ọgbà. Mo lọ wò ó. Mo wọ yàrá tó kéré jù, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mi ò gbàdúrà kankan. Mo kàn ń gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ ni.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó fọwọ́ lé àgbọ̀n. “Ìyá ńkọ́?”

“Ká mú Ìyá dání.”

A bi Ìyá. Ó ní: “Ulí yìí ni wọ́n ó ti gbé òkú mi jáde.” Ulí là ń pe ilé ní Ìkálẹ̀, tó bá ti fi pè é báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

“Ó dáa,” Àbdùlláhì ní, “ẹ̀yìnkùlé fẹ̀. Màá kọ́ yàrá méjì kún un níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kò ní ṣòro fún mi. Mosún á ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, gbogbo wa á sì wà pọ̀.”

Inú mi ti ń dùn díẹ̀ nígbà tí Ìyá sọ̀rọ̀.

“Ẹ má kọ́ nǹkan kan sí ẹ̀yìn ulí yìí.”

“Kí ló dé, Ìyá?”

“Mo ní ẹ má kọ́ ọ.”

“Ṣé ká kó lọ sí Òkìtìpupa nígbà náà?”

“Ẹ má kó lọ.”

“Kí la ó wá ṣe?”

“Ẹ kọ́ ọ síwájú.”

Iwájú wo? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà níwájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni gọ́tà, lẹ́yìn gọ́tà ni títì. Kò sí ààyè yàrá méjì níbẹ̀. Mo wo obìnrin yìí, mo sọ lọ́kàn mi pé: kò fẹ́ kí n ráyè nínú ilé rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá mi jáde. Ó fẹ́ kí n há síbẹ̀ ni títí n ó fi bínú lọ. Ọkọ mi kò sì lè ko ìyá rẹ̀ lójú.

Mo bínú lọ. Mo kó àwọn ọmọ, a gun ọ̀kadà, ó di Erínje.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò. Bàbá mi kò bi mí nígbà wo ni n ó padà, ìyẹn gan-an sì ń bà mí lẹ́rù. Àbdùlláhì a máa pè mí nírọ̀lẹ́. Á ní, “Ṣé o ti jẹun?” Màá ní mo ti jẹun. Èmi náà á bi í, òun náà á ní òun ti jẹun. Irọ́ làwa méjèèjì ń pa. Àárò rẹ̀ ń sọ mí débi pé tí mo bá gbọ́ òórùn sìmẹ́ńtì tútù níbikíbi, ẹsẹ̀ mi a dúró. Síbẹ̀ mo ń bi ara mi pé, ṣé ìfẹ́ nìkan tó láti fi gbé inú yàrá kan títí ayé? Tí mo bá padà láìsí nǹkan tó yí padà, ṣé n ó tún lè lọ mọ́?

Bàbá Màmúdù wá. Ó ti darúgbó, epo inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò kún mọ́.

“Mosún, rọra. Ìyá Àbdùlláhì kò kórìíra rẹ.”

“Kí ló dé tí kò fẹ́ ká kọ́ ọ sí ẹ̀yìn?”

Ó wo ilẹ̀. “Nǹkan wà tí àgbàlagbà máa ń mọ̀ tí kì í sọ.”

“Ẹ sọ ọ́ fún mi.”

“Kò ṣeé sọ.”

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà náà, Bàbá,” mo dáhùn, mo sì dìde kúrò níwájú rẹ̀. Mi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí.

Nígbà tó lọ tán, Àbdùlláhì pè. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. “Mo ti gé èèkàn, mo ti ra okùn. Sátidé, tí Ìyá bá lọ sí ọjà Òkìtìpupa, màá gbẹ́ ìpìlẹ̀. Tó bá fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Wá wò ó fúnra rẹ, kí o lè gbà pé ìwọ ni mo yàn.”

Mi ò sọ fún Bàbá Màmúdù, mi ò sọ fún bàbá mi. Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Erínje, mo sì lọ. Nígbà tí mo wọ ẹ̀yìnkùlé, okùn funfun ti wà lórí èèkàn mẹ́rin. Ó ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan dé orúnkún, ó ń bọ̀ sí ìkejì. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ní wákàtí náà ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n so yìgì wa.

Ọjà kò yá fún Ìyá. Ó tètè dé. Agbọ̀n pupurú wà lórí rẹ̀ nígbà tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó rí okùn, ó rí ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, agbọ̀n sì bọ́. Kò pariwo. Ó sáré kọjá lára mi, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja sí ibi tí ṣọ́bìrì ọmọ rẹ̀ fẹ́ dé.

“Ìyá! Ẹ dìde!”

“Tó o bá máa gbẹ́ ibẹ̀, gbẹ́ mi mọ́ ọn.”

Èmi ni mo pariwo. Gbogbo ohun tí mo ti fi pamọ́ láti ọdún mẹ́jọ jáde. Mo ní: “Ìyá, tó bá jẹ́ èmi ni ẹ ò fẹ́, ẹ sọ ọ́ síta! Ẹ ò fẹ́ mi nígbà tí mo dé, ẹ ò bá mi sunkún nígbà tí ọmọ mi kú, ẹ ò fẹ́ kí n ráyè báyìí. Kí ni mo ṣe fún yín?”

Ìyá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀, ó di ojú rẹ̀.

Ilé Bàbá Màmúdù kò jìnnà, ariwo mi ló gbé e dé. Ó rí Ìyá nílẹ̀, ó rí ọkọ mi tó dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ó sì ké:

“Bàbá Sódìq! Ju ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀!”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pe ọkọ mi fún ọdún mẹ́jọ, ibẹ̀ ló ti pè é, lórí ilẹ̀ yẹn.

Mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó tún ní láti sọ nǹkan kan fún mi. Kì í ṣe ìtẹ́ ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n gbé ọmọ mi lọ. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà, nísàlẹ̀ ibi tí ìyá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Òun ló mọ̀ ọ́n, òun kò sì lè sọ ọ́, nítorí èmi ni ìyá ọmọ. Ó jẹ́ kí n kórìíra òun fún ọdún mẹ́jọ kàkà kó sọ ọ́.

Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ Àbdùlláhì. Ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán kó iyẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò. Èmi náà kúnlẹ̀ tì í. A kò wo ojú ara wa títí a fi dí i tán.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní: “Mo ti bá onílé Òkìtìpupa sọ̀rọ̀. Kí oṣù yìí tó parí, a ó kó lọ.”

Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún nínú balùwẹ̀ nìyẹn. Ẹnu mi ló ya èmi gan-an lẹ́nu.

“Mi ò lọ.”

“Mosún, mi ò lè máa gbé ibí. Mi ò lè ṣí fèrèsé yẹn mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ . . . ọwọ́ mi ni, Mosún. Ọwọ́ mi báyìí.”

“Ọwọ́ rẹ kò kàn án.”

“Ó kù díẹ̀ kó kàn án.”

“Ìyá ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ń gbé e. Òun nìkan nínú ilé yìí. Ṣé o fẹ́ ká tún kó lọ, ká fi òun àti ọmọ sílẹ̀?”

Ó sunkún. Mi ò tíì rí i kó sunkún rí, kódà ní ọdún tí ọmọ kú, nítorí wọ́n ti ní ọkùnrin ni. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo jẹ́ kó sun ún tán. Nígbà tó dákẹ́, ó ní: “Tí a bá fọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ló máa jáde níwájú. Tóóró ni yóò jẹ́. Ariwo ọ̀kadà kò sì ní jẹ́ kí o gbàdúrà.”

“Ọlọ́run kì í ṣe adití.”

A jọ lọ sí Erínje lọ kó àwọn ọmọ. Àbdùlláhì dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó ní òun kò mú ìlérí òun ṣẹ, òun kò sì ní lè mú un ṣẹ mọ́. Bàbá mi la ojú sí i, ìbínú ti ń dé. Mo sọ ìdí rẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ bàbá mi lọ sí orí rẹ̀, tó ṣí fìlà, tó gbé e lé àyà.

“Jésùtómi,” ó ní, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: “Ẹ dúró tì í. Mi ò tún ní béèrè ilé mọ́.”

A padà sí Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àbdùlláhì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi lọ bá Ìyá ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń ha ẹ̀yìn pupurú tó ti dúdú. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá, a ò kó lọ mọ́. Iwájú la ó kọ́ ọ sí.”

Ó ń ha pupurú lọ. “Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹ o.”

“Ẹ ò sọ nǹkan kan.”

“Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́, o ò mọ̀.”

“Mi ò mọ̀, Ìyá.”

“Bí o bá dé ibẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ sunkún. O ò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́.”

“Mo gbọ́. Ìyá, ẹ forí jì mí. Gbogbo ohun tí mo wí, ẹ forí jì mí.”

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró. Mo gbọ́ ìró òòlù ọkọ mi níwájú ilé, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó sì wò mí tààrà. Ojú rẹ̀ kò gbẹ lọ́jọ́ náà.

“Ọma mi,” ó ní. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà nílé rẹ̀, kò tíì pè mí ní ọmọ rí. “Kò sí ọwọ́ àjèjì tó kàn án. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, òtútù ń mú. Wọ́n ní kí n ṣe kíá, mo ní ó tì. Mo dáná, mo jẹ́ kí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó bù ú sí i lára.”